Ta Ló Sọ fún Ẹ? Ìtàn Iṣẹ́ Mi Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìkàwé

Bí ẹ bá wọ yàrá kan tí mo wà níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ fojú wá mi níwájú, ẹ má wá mi láàárín èrò. Ìdí ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. Ní mọ́ṣáláṣí ni o, níbi ìpàdé àdúgbò ni o, nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Èrúwà lọ sí Ìbàdàn ni o, ìdí ilẹ̀kùn ni. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí mo bá dé ọ̀run, màá bẹ àwọn málékà kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó lẹ́nu géètì. Mo ní kò burú, ṣebí inú ọgbà náà ni ẹnu géètì wà.

Iṣẹ́ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ yàn, tí ẹ rò pé ilé ìkàwé ni ibi tí ènìyàn ti lè tòògbé títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Iṣẹ́ náà dùn. Ó sì dá mi lẹ́sẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá yìí ni mo ti ṣe é. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ojora mi pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́wàá tán, bàbá mi fẹ́ kí n wá máa bá àwọn gbin ẹ̀gẹ́ ní oko wọn lọ́nà Ìdèrè. Mo gbọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ń wá ẹni tí yóò máa nu ìwé, mo lọ, wọ́n gbà mí. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fò ó kọjá. A jẹun, àwọn ọmọ kàwé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni Màmá Fúnkẹ́, obìnrin Èrúwà, ọmọ ìjọ tí kì í pẹ́ dé ibi kankan. Ènìyàn kúkúrú ni wọ́n, wọ́n máa ń fi okùn so awò ojú wọn mọ́ ọrùn, ẹ kò sì ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn títí wọn yóò fi dé ẹ̀yìn yín. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi ìka kan orí ìwé kan, mo fà á yọ láti orí pẹpẹ.

"Gàníyù."

"Mà."

"Iṣu lò ń wa ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tó o fi gbá a lórí mú? Ti èyí tó wà lápá ọ̀tún wọlé díẹ̀, ti èyí tó wà lápá òsì wọlé díẹ̀, kó o wá fọwọ́ di ti àárín mú ní ìbàdí. Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni wọ́n ń fa lórí lójoojúmọ́, ṣé ọrùn rẹ ò ní já?"

Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó fa ìwé lórí yọ, ọrùn ló máa ń dùn mí.

Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bí ọ̀sán bá fẹ́ẹ́ pọ́n, wọn yóò mú ìwé kan kúrò ní àyè rẹ̀, wọn yóò fi í pamọ́ sáàárín àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, wọn yóò wá ní, "Ìwé kan ti ṣìnà. Wá a kó o tó lọ jẹun." Ìgbà mìíràn ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kí n tó rí i. Ṣùgbọ́n ó yé mi nígbà tó yá. Ìwé tí olè bá jí, ó lè padà wá. Ìwé tó bá jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó wà nílé, ó sì ti sọnù.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń jẹ wá níyà jù lọ ni ìbéèrè kan. Ohun yòówù kí ẹ sọ, Màmá yóò ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Ẹ ní ọ̀gá àgbà kò sí nílé: ta ló sọ fún ẹ? Ẹ ní ọjọ́ ọjà ìlú Tápà, ìtòsí wa níbí, ti yí: ta ló sọ fún ẹ? Bí ẹ bá ní "wọ́n ní", ẹ ti wọ gàù. Wọn yóò bọ́ awò ojú, wọn yóò ní, "Wọ́n-ní! Ẹni yẹn kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò sí ẹni tó mọ ilé rẹ̀, òun ló sì ń ba gbogbo ìlú jẹ́."

Lọ́jọ́ kan, òjò ká mi mọ́ láàárín ọgbà, mo sáré wọlé, omi ń ro tó tó tó lára mi. Mo ní, "Màmá, òjò ń rọ̀, ẹ jẹ́ ká ti fèrèsé."

Wọn kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Mo ní, "Ara mi ló sọ fún mi, mà."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, "Ìyẹn dáa. Ẹlẹ́rìí tòótọ́ nìyẹn. Lọ ti fèrèsé."

Màmá kan náà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bí a ṣe ń lo ilé ìkàwé: bí a ṣe ń wá ìmọ̀, bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí a ṣe ń fi ibi tí a ti rí i hàn. Èmi ni mo máa ń gbé káàdì tẹ̀ lé wọn. Káàdì ni gbogbo iṣẹ́ wa nígbà yẹn. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tó ní àpótí kéékèèké lọ́pọ̀lọpọ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì tirẹ̀ nínú rẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀. Bí ìka bá ṣìnà lórí lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ ó ya káàdì náà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Nígbà tí Màmá fẹ̀yìn tì, mo ti lọ gba díplómà díẹ̀ kún tèmi, wọ́n sì ní kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà nìṣó. Àwọn aláṣẹ ti fún ẹ̀kọ́ yẹn ní orúkọ tuntun, orúkọ tó gùn ju àkókò tí wọ́n fún wa láti fi kọ́ ọ lọ. Mo lẹ àwọn òfin rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó dúró síta. Kò sí gúgúrú, kò sí ẹ̀pà. Kí fóònù dákẹ́. Ẹni tó bá wo iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, òfo lòun àti ẹni tó jẹ́ kó wò ó máa pín. Kí ẹnikẹ́ni má sì mú ọ̀rọ̀ wá láìsọ ibi tó ti rí i.

Ẹ mọ̀ pé ìbejì pọ̀ ní Ìgbó-Ọrà. Kẹ́hìndé kan gbé iṣẹ́ wá, ó bá ti Táíwò rẹ̀ mu látòkè délẹ̀. Mo pè é.

Ó ní, "Sà, inú kan náà la ti jáde."

Mo ní, "Mo gbà. Ṣé orí kan náà lẹ gbé jáde ni?"

Gbogbo kíláàsì pariwo. Táíwò tó jókòó lẹ́yìn ní, "Ẹ bá mi bi í, sà! Àtinú ìyá wa ló ti ń tì mí síwájú!"

Báyìí ni ayé dùn fún wa. Kọ̀ǹpútà dé, a kó káàdì sí yàrá ẹ̀yìn. Iná a máa lọ, a ó tún sáré padà sídìí káàdì bí ọmọ tó padà sílé ìyá. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Èmi rò pé ìmọ̀ ti dé nìyẹn. Àṣé Wọ́n-ní ló ra fóònù.

Mo fẹ́ sọ ti ìjàǹbá náà wéré, nítorí n kò fẹ́ràn kí n pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó jẹ́ ìgbà tí ẹ̀rù ajínigbé wà lára gbogbo wa, tí ẹni tó bá lọ sóko kì í pẹ́ kó tó padà. Kíláàsì, tí a ń ṣe láàárín àwọn pẹpẹ ìwé, kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Fóònù kan dún, ọmọbìnrin kan gbé e sétí, ó sì figbe ta: "Wọ́n ti wọ̀lú!" Kò sí ẹni tó bi í pé àwọn wo. Gbogbo wa sáré sídìí ilẹ̀kùn, èmi náà sáré. Inú sì ni ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí sí. Bí a ti ń tì í tó ni ó ń le sí i. Àwọn kan gun pẹpẹ kí wọ́n lè dé fèrèsé. Pẹpẹ kan wó lu èkejì, èkejì wó lu ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta sì wá bá mi.

Kò sí ẹni tó kú, a dúpẹ́. Ọmọbìnrin kan kán lápá, ẹsẹ̀ tèmi kán. Àwọn ìwé ńláńlá àtijọ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ já lé mi lórí, wọ́n sì gbé pẹpẹ náà dúró kó má baà tẹ àyà mi. Àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí ni o. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ìwé kankan ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò wúlò mọ́.

Kò sí ẹni tó wọ̀lú. Wọ́n wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn títí, wọn kò rí i. Olúkúlùkù ní "wọ́n ní".

Màmá Fúnkẹ́ wá wò mí ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti darúgbó, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọn yóò kọ́kọ́ kí mi kú ewu. Wọ́n jókòó, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún wọn?"

Mo ní, "Màmá, mi ò mọ̀. Èmi náà ò béèrè. Mo sá ni."

Wọ́n wá ní, "Gàníyù, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá dé, ó yẹ kí ìbéèrè wà nílẹ̀ tí yóò bá a níbẹ̀." Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ pé, "O kú ewu. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá."

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ àwọn aláṣẹ kí wọ́n yí ilẹ̀kùn padà kó máa ṣí síta. Wọ́n yí i padà. Mo wá gbé àga mi sídìí rẹ̀, mo sì tún òfin ìkẹyìn kọ, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: ẸNI TÓ BÁ MÚ Ọ̀RỌ̀ WÁ, KÍ Ó DÁRÚKỌ ẸNI TÓ GBỌ́ Ọ LẸ́NU RẸ̀. "Wọ́n ní" kò gba máàkì. "Àgbà kan" kò gba máàkì. "Mo rí i lórí fóònù" kò gba máàkì. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń dá ènìyàn lóhùn bí ènìyàn tún dé, mo ní bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ bi òun náà pé ta ló sọ fún un.

Mo rò pé òfin mi ti pé. Ìyá Mubarak ló fi hàn mí pé kò pé.

Ìyàwó ilé ni Ìyá Mubarak, ó ń ta gàrí kó tó ní òun yóò padà sí ilé ìwé. Iwájú ló máa ń jókòó, kì í sì gbà láìjiyàn. Mo ní kí olúkúlùkù lọ bi àgbà kan nílé bí agboolé wọn ṣe tẹ̀dó, kí ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ìyá Mubarak gbé iṣẹ́ tó dára jù wá. Ní ibi orúkọ, ó kọ ọ́ pé: "Ẹni tó bí ọkọ mi."

Mo ní, "Ìyá Mubarak, orúkọ wọn ńkọ́?"

"Orúkọ ta ni, sà? Orúkọ bàbá ọkọ mi? Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi nílé ni?"

"Òfin ni."

"Òfin yín kò mọ ìyàwó ilé! Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹ̀. 'Ọkọ mi' ni mò ń pè é, mo sì máa ń pọ̀n ọ́n. Bàbá ilé ni ẹ wá ní kí n gbé sórí bébà?"

Àwọn ọkùnrin inú kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò mí. Mo lọ sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo bi í pé, "Ìyá Mubarak, pípè ni èèwọ̀ àbí kíkọ?"

Ó ronú. "Ẹnu wa ni wọ́n kì ní ìlọ̀, sà. Ìgbà tí wọ́n dá èèwọ̀ náà sílẹ̀, bóyá ni ìyàwó kankan mọ̀wé kọ."

"Nítorí náà, ọwọ́ kò sí nínú rẹ̀."

Ó wò mí bíi pé mo ti ná gàrí rẹ̀ dé iye tó fẹ́ tà á. Ó gba bírò, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ lo oògùn kíkorò, ó kọ orúkọ náà. Mo fún un ní máàkì tó pé.

Ó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tí irú ariwo ọjọ́ ìjàǹbá yẹn tún dé lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀sán ni. Kíláàsì kún. Òfin ní kí fóònù dákẹ́. Ti Ìyá Mubarak kò dákẹ́ rí láyé. Ó gbé e sétí, ojú rẹ̀ yí padà, ó dìde.

"Yéè! Wọ́n ń yìnbọn ní Tápà! Wọ́n ń bọ̀ níbí!"

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Mo wà nídìí ilẹ̀kùn mi, ọwọ́ mi sì ti wà lára rẹ̀ kí n tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: gbogbo ara mi ti jáde tán, ó ku kí n tẹ̀ lé e. Mo gbójú sókè, mo rí i pé èmi ni gbogbo wọn ń wò. Bí mo bá sá, wọn yóò gba orí ara wọn jáde, ẹlòmíràn yóò sì wà nílẹ̀ bí mo ti wà nílẹ̀.

Mo ṣí ilẹ̀kùn gbagada. Mo ní, "Ẹ wò ó, ó ti ṣí, síta ló ń ṣí sí. Ẹ dúró ná." Mo wá yíjú sí i. Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, ti Màmá ni. "Ìyá Mubarak. Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyàálé mi ni!"

"Ta ló sọ fún ìyàálé yín?"

"Ọkọ wa ni! Ọkọ wa kékeré, wọ́n wà ní Tápà níbẹ̀!"

"Èwo nínú wọn?"

Ó la ẹnu, ó pa á dé.

Ọmọkùnrin kan pariwo pé, "Ẹ dárúkọ, mà! Ẹ̀mí ni o!"

"Mi ò lè pè wọ́n! Àwọn ọkọ wa nílé yẹn pọ̀ bí àgbàdo!"

Mo ní, "Ṣé ẹnu yín ni mo ní kí ẹ lò? Ẹfun ìkọ̀wé nìyí."

Ó sáré síbi pátákó. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọ ọ́ gàdàgbà: MÚRÍTÀLÁ.

"Múrí!" Ọmọbìnrin kan ló sọ ọ́. "Bọ̀dá Múrí tó ń tún ẹ̀rọ ìlọgàrí ṣe? Nọ́ḿbà wọn wà lọ́wọ́ mi, àwọn ló ń tún ti màmá mi ṣe!"

"Pè é. Jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́."

Ó dún, ó dún. Ọkùnrin kan gbé e. "Haló?"

"Bọ̀dá Múrí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ pé wọ́n ń yìnbọn ní Tápà?"

"Èmi ni! Wọ́n ń yìn ín gan-an! Gbọ́!"

Gbàù! Gbàù! Láti inú fóònù ni. Ọ̀pọ̀ wọn bẹ́ mọ́ abẹ́ tábìlì. Mo sún mọ́ fóònù náà, mo ní, "Àwọn wo ló ń yìn ín?"

"Àwọn ọdẹ ni o, sà! Àgbà ọdẹ kan ló kú, bàbá arúgbó, wọ́n ń sìnkú wọn. Wọ́n ti dá màlúù sílẹ̀. Mo pe ilé pé kí wọ́n má retí mi lálẹ́, wọ́n ń yìnbọn ní Tápà. Ṣé mo lè fi ẹran sílẹ̀ ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lábẹ́ tábìlì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bọ̀dá Múrí ń sọ nínú fóònù pé, "Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹ̀yin wo nìyí? Ta ló júwe mi fún yín?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Ìyàwó yín ni, Ìyá Mubarak."

"Háà! Wọ́n pè mí lórúkọ?"

Ìyá Mubarak já fóònù gbà, ó kúnlẹ̀ síwájú pátákó bí ẹni pé ọkùnrin náà wà níbẹ̀. "Mi ò pè yín o, ọkọ mi! Mi ò jẹ́ pè yín láéláé! Mo kọ yín ni!"

Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ìgbà náà, ẹ ó rò pé ìlú ti gbógun tì wá lóòótọ́. Ìyàálé ti pe gbogbo agboolé kí wọ́n sá lọ sínú oko. Ọmọbìnrin náà gba fóònù Ìyá Mubarak, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún wọn, ó ń sọ ti màlúù.

Ìgbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ ni mo wò yíká, tí mo rí i pé iwájú pátákó ni mo dúró sí. Ilẹ̀kùn wà lọ́hùn-ún, ó ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo rìn kúrò níbẹ̀.

Mo lọ sọ fún Màmá Fúnkẹ́ ní Èrúwà lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní, "Màmá, kò sí ẹni tó fara pa." Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè wọn. Mo ní, "Ojú mi ló sọ fún mi, mà." Wọ́n ní, "Ó dáa. Jókòó." Mo jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ wa, iṣẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò ṣe é. Kò ní sọ yín di olówó, ṣùgbọ́n ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì fẹ́ bi mí léèrè sí i, ẹ yà sílé wa ní Ìgbó-Ọrà. Ìdí ilẹ̀kùn náà ni ẹ ó ti bá mi, nítorí pé atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rù ló gbé mi jókòó síbẹ̀, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un.